Kì í ṣe gbogbo bíárìn tó kú ni ayédèrú

Olóòtú àgbà, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o.

Mo ka lẹ́tà ẹni tó kọ̀wé sí yín pé ayédèrú bíárìn, òrùka irin tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀, ló ń sọ àwọn oníṣẹ́ gàrí di onígbèsè. Mi ò ní sọ pé irọ́ ló pa. Ayédèrú wà lọ́jà, èmi náà ti rà á rí. Ṣùgbọ́n ọdún 29 rèé tí mo ti ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀rọ ìlọta ṣe ní Ìkirè níbí. Èyí tó pọ̀ jù nínú òkú bíárìn tí mò ń yọ, bíárìn gidi ni wọ́n. Iṣẹ́ tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n gbé fún wọn.

Lẹ́yìn iléyá, ìyá kan gbé ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wá. Bíárìn kẹta rèé láàárín oṣù mẹ́rin. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó dáadáa, àbí ẹnì kan ló ń ṣe mí ni?" Mo yọ bíárìn náà, mo fi kẹrosíìnì nù ún, nọ́ńbà rẹ̀ hàn: 6206ZZ. ZZ yẹn ni ìdérí irin pẹlẹbẹ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ìdérí yìí kì í kan òrùka inú. Àlàfo tín-ín-rín wà láàárín wọn, ibẹ̀ ni omi ẹ̀gẹ́ sì ń gbà wọlé, ẹni tó bá sì ti ṣiṣẹ́ gàrí rí mọ bí omi yẹn ṣe ń jẹ irin. Nígbà tí mo ṣí ìdérí kúrò, gírísì inú rẹ̀ ti funfun bí ẹ̀kọ mímu, àwọn ọmọ irin róbótó inú rẹ̀ ti dípẹtà. Mo fi 6206-2RS rọ́pò rẹ̀, èyí tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, tó sì fẹnu kan òrùka inú pinpin. Ìwọ̀n kan náà ni, owó rẹ̀ kàn fi díẹ̀ lé. Òjò rọ̀ títí, ọyẹ́ ti dé, ìyá náà kò tíì padà wá, àfi ọjọ́ tó gbé gàrí kóńgò méjì wá fún mi.

Ihò nìkan lọ̀pọ̀ èèyàn ń wò. Bí ṣáàfùtì, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ, bá ti wọ̀ ọ́, ó tán. Nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn ló ń sọ ihò: ẹ ka 06 lọ́nà 5, mílímítà 30 nìyẹn. Ihò 6306 náà 30 ni, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 72, ti 6206 jẹ́ 62. Èyí tó sanra ló lè gbé ẹrù tó wúwo. Mo ti rí ẹni tó gé agolo mílíìkì, tó fi wé 6206 nílọ̀ọ́po-nílọ̀ọ́po kó lè kún ilé 6306. Ó sì ń bínú sí ẹni tó tà á fún un!

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìlọta tún yàtọ̀. Bí wọ́n bá ṣe ń fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ kí ata lè kúnná, bẹ́ẹ̀ ni àwo irin méjèèjì ń ti ara wọn, títì yẹn á sì gba ṣáàfùtì lọ ní gbọọrọ dé ìdí. Bíárìn bíi 6206, ẹrù òkè, ìyẹn èyí tó ń tẹ ṣáàfùtì láti òkè, ló mọ̀ ọ́n gbé jù. Ìdí ṣáàfùtì yẹn ń fẹ́ èyí tí 51 ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀, tó rí bí àwo méjì tí wọ́n to ọmọ irin sáàárín. Òun náà kò sì gbọ́dọ̀ gbé ẹrù òkè o, kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà á, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ páálí, ẹ bi oníbàárà pé ẹ̀rọ wo ló fẹ́ fi í sí. Ẹ̀yin ìyá oníṣẹ́ gàrí, tí bíárìn bá kú, ẹ má jù ú nù, ẹ má sì fọ̀ ọ́. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ mú un tọ mẹkáníìkì yín lọ bẹ́ẹ̀. Tó bá dípẹtà, omi ló pa á. Tí ara rẹ̀ bá dú bí aṣọ aró, ooru ni, gírísì ti tán nínú rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ti jẹ, wọ́n fi í síbi tí wọ́n ti ń tì í.

Èmi ni tiyín,
Mẹkáníìkì ẹ̀rọ gàrí,
Ìkirè, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.