Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Tí Ó Fẹ́ Fi Iṣẹ́ Báǹkì Sílẹ̀ Lọ Kọ́ Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì Ẹranko

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Àyọ̀kẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Èmi àti bàbá rẹ ti ka ọ̀rọ̀ tí o kọ ránṣẹ́, pé o fẹ́ fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀ ní Adó kí o lọ kọ́ ìtọ́jú ẹranko, kí o lè máa ṣe nọ́ọ̀sì fún ajá, ewúrẹ́ àti màlúù bí èmi náà ti ṣe é fún ọmọ ènìyàn títí mo fi fẹ̀yìn tì. N kò bínú sí ọ. Ọjọ́ orí rẹ kò tíì kọjá èyí tí ènìyàn fi ń kọ́ṣẹ́ tuntun, iṣẹ́ tí o sì yàn kì í ṣe iṣẹ́ ìtìjú. Ohun kan ṣoṣo ni ó kọ mí lóminú: o ní o fẹ́ràn ẹranko, ìyẹn nìkan sì ni ìdí tí o fún wa. Ìfẹ́ ẹranko dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ẹranko gan-an ni ìwọ yóò máa bá fà á jù.

Bí obìnrin kan bá fa ewúrẹ́ rẹ̀ wá, tí ikun ń dà ní imú rẹ̀, tí egbò ti bo ètè rẹ̀, tí ó sì ń ṣu omi, dókítà ẹranko yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sọ irú àrùn tó jẹ́, yóò ní kí wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ kí àrùn mìíràn má baà gun orí èyí tó ń ṣe é, yóò sì kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹran tó kàn. Ìwọ àti obìnrin náà ni yóò ṣẹ́kù. Ìwọ ni yóò sọ fún un pé kò gbọdọ̀ pa ewúrẹ́ yẹn jẹ, kò sì gbọdọ̀ tà á fún alápatà, títí ọjọ́ tí dókítà dá yóò fi pé, nítorí pé oògùn ṣì wà nínú ẹran ara rẹ̀. Alápatà ti ná an lójú ọ̀nà. Owó ilé ìwé ọmọ wà lọ́rùn obìnrin náà. Ó sì mọ̀ pé bí ẹran náà bá kú mọ́ òun lọ́wọ́, òfo ló já sí. Bí o bá jágbe mọ́ ọn, yóò lọ, kò sì ní padà wá mọ́, àwọn tó bá ra ẹran náà lọ́jà ni yóò sì jẹ oògùn tí ẹnikẹ́ni kò kọ fún wọn. Bí o bá ṣàánú rẹ̀ tí o dákẹ́, ibi kan náà ni ọ̀rọ̀ yóò já sí. Mo fẹ́ kí o bi ara rẹ bóyá o lè jókòó ti irú obìnrin bẹ́ẹ̀, kí o bá a ṣírò ohun tí ewúrẹ́ náà yóò tà bí ara rẹ̀ bá yá, kí o sì jẹ́ kó mọ̀ pé àjẹsára wà fún àrùn yìí, kí àwọn ewúrẹ́ ilé tí kò tíì kó o lè rí i gbà. Ibí yìí ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà, ìbáà ṣe ti ènìyàn tàbí ti ẹran, ó sì máa ń rẹ ènìyàn ju òru àìsùn lọ.

Ti ajá wá lágbára jù ní ilẹ̀ wa. Àwọn ọdẹ ń mú un wọ igbó, àwọn kan ń jẹ ẹ́, òun sì ni a mọ̀ mọ́ Ògún, òrìṣà tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Ìrè-Èkìtì. Ẹni tó ń di ajá lọ́rùn láti pa á ń fi ọwọ́ kan itọ́ rẹ̀, inú itọ́ ajá tó bá ti kó o sì ni àrùn dìgbòlugi wà. Mo ti rí ẹni tí àrùn yìí ń ṣe ní wọ́ọ̀dù: òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún omi, ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé ife sún mọ́ ọn, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á fún pọ̀, gbogbo ara rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Bí àmì àrùn náà bá ti lè yọ lára ènìyàn, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ ọ́ pé kí o gba àjẹsára dìgbòlugi kí o tó fọwọ́ kan ajá aláìsàn kankan. Kí o sì mọ ọ̀rọ̀ yìí sórí láti sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbé ajá wá: bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí wọ́n fi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ ní ọjọ́ náà gan-an.

Ohun tí o kọ́ ní báǹkì kò ní ṣòfò. Ìwọ tí kì í kúrò nídìí káńtà títí owó ọwọ́ rẹ yóò fi bá ìwé mu ni irú ẹni tí mo fẹ́ kí ó máa ṣọ́ fíríìjì àjẹsára. Àárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni a ń tọ́jú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sí, o sì mọ bí iná ṣe ń ṣe ní Èkìtì. Àjẹsára tó ti gbóná kì í yí àwọ̀ padà kí ó lè kìlọ̀ fún ọ. Wọn yóò gún ajá náà, olówó rẹ̀ yóò sì lọ sílé pẹ̀lú ìdánilójú asán. Ẹni tó ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí kì í purọ́ sínú ìwé, ni ó ń gba ẹ̀mí là níbẹ̀. Bákan náà ni oògùn: a gbọ́dọ̀ wọn ẹran náà kí a tó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ohun tó sì ń wo ènìyàn sàn lè pa ẹranko, nítorí pàrásítámọ́ọ̀lù tí a ń lò sí ẹ̀fọ́rí ń pa ológbò.

Ní ti ilé ẹ̀kọ́, mo rí i pé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni o ń kà. Láti ọdún 1961 ni Royal College of Veterinary Surgeons, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ àwọn dókítà ẹranko, ti ń ṣètò ẹ̀kọ́ fún nọ́ọ̀sì ẹranko níbẹ̀. Wọ́n ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ tiwọn, òfin sì ti sọ ibi tí ọwọ́ wọn lè dé lábẹ́ àṣẹ dókítà. Nílé níbí, ọ̀nà tí mo rí fún ọ ni Federal College of Animal Health and Production Technology ní Moor Plantation, Ìbàdàn, níbi tí o ti lè gba ND, kí o sì tẹ̀ síwájú sí HND bí agbára bá gbé e. O kò ṣe kẹ́mísírì ní ilé ìwé girama, nítorí náà tètè forúkọ sílẹ̀ fún WAEC ti àwọn tí kò sí nílé ìwé, kí o sì wá ẹni tí yóò máa kọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Bí o bá sì ti parí, àwọn ènìyàn yóò máa pè ọ́ ní dókítà, nítorí gbogbo ẹni tó bá ti mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Máa tún un ṣe fún wọn ní gbogbo ìgbà. Iṣẹ́ abẹ àti dídá orúkọ àrùn kì í ṣe tìrẹ; àwọn tí Veterinary Council of Nigeria forúkọ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí dókítà ló ni ín.

Má tíì kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀. Wá ilé ìtọ́jú ẹranko kan ní Adó tí yóò gbà ọ́ ní ọjọ́ Sátidé, kí o máa fọ àgò ajá, kí o máa nu èébì àti ẹ̀jẹ̀, kí o di ẹran mú kí dókítà rí ibi gún un, kí o sì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọn yóò fi abẹ́rẹ́ pa ajá tí kò lè sàn mọ́, tí àwọn ọmọ olówó rẹ̀ yóò sì máa sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Bí o bá ṣe èyí títí òjò ọdún yìí fi dá, tí ó ṣì wù ọ́, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti parí lọ́dọ̀ tiwa. Jókòó pẹ̀lú ọkọ rẹ, kí ẹ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ owó fún ara yín, nítorí owó oṣù tí yóò máa wọlé fún ọ lè má tó ti báǹkì. Ní ti àwọn ọmọ, bàbá rẹ ní kí o kó wọn wá sọ́dọ̀ wa bí o bá ń lọ sí Ìbàdàn. Ilé ìwé kò jìnnà sí wa, yàrá tí ẹ̀ ń lò tẹ́lẹ̀ ṣì ṣófo, èmi fúnra mi ni yóò sì máa sìn wọ́n lọ láràárọ̀. Fi èsì ránṣẹ́ sí mi lórí ọ̀rọ̀ kẹ́mísírì yẹn kí wọ́n tó ti ìforúkọsílẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.