Àjàní, ọ̀rọ̀ dẹ́kì rẹ rèé o

Àkóbọ̀, Ìbàdàn

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù Lọ́ńdọ̀nù o. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́, mo sì gbọ́ bí o ṣe mí kanlẹ̀ nígbà tí o dórí iye àpò sìmẹ́ǹtì. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣeé sọ tán lórí fóònù ni mo fi ní kí n kọ̀wé.

Bíríkìlà wa fẹ́ fi 1:2:4 da dẹ́kì, ìyẹn sìmẹ́ǹtì kan, iyanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Àpò sìmẹ́ǹtì kan tó páànù méjì, nítorí náà, páànù iyanrìn mẹ́rin àti òkúta mẹ́jọ ló máa bá àpò kan lọ. Ìyẹn dáa fún ilẹ̀ yàrá. Ṣùgbọ́n 1:1½:3 ni ẹnjiníà kọ sínú pépà fún píláà, bíìmù àti dẹ́kì: iyanrìn mẹ́ta, òkúta mẹ́fà. Dẹ́kì rẹ máa gba kọnkéré bíi kúbíìkì mítà 15. Ti bíríkìlà máa jẹ àpò bíi 95, ti ẹnjiníà máa jẹ bíi 120. Ibi tí àpò 25 tó ń dùn ọ́ wọlé sí nìyẹn. Èmi kọ́ ni mo jẹ ẹ́ o!

Sìmẹ́ǹtì 42.5 ni mo rà, nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bó ṣe lágbára tó. Ẹni tó ń tà á fẹ́ kó 32.5 fún mi pé owó rẹ̀ fi díẹ̀ wálẹ̀. Mo ní kó gbé e tì, láti 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, ti ní rírẹ́ ògiri nìkan ni kí wọ́n máa fi ìyẹn ṣe.

Típà àkọ́kọ́ tó já iyanrìn, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo fi ra àtẹ́lẹwọ́, ọwọ́ mi pọ́n. Mo da díẹ̀ sínú ike, mo bu omi sí i, mo mì ín, mo gbé e kalẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹrẹ̀ ti tò lé orí iyanrìn, ó nípọn bí ìka. Ẹ̀yìnkùlé ni mo ní kí wọ́n kó o lọ, a ó fi dí kòtò.

Omi ló bí mi nínú jù. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan ti tó àpò kan, ó tiẹ̀ ń dín bí òjò bá ti pa iyanrìn. Lọ́jọ́ tí a ń da píláà, mo sáré lọ ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn fún àwọn lébírà. Kí n tó dé, ọ̀kan ti ki rọ́bà omi bọ inú ẹ̀rọ ìpo, kọnkéré ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. "Ọ̀gá, kó lè rọ̀ wá lọ́wọ́ ni." Ó rọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lóòótọ́! Bí omi yẹn bá gbẹ tán, ihò ló máa fi sílẹ̀ nínú píláà, ìwọ lo sì máa sùn lábẹ́ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n tú pákó, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jáde kó tó gan. Bíríkìlà ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Sátidé la ó da dẹ́kì. Ọmọ kan ládùúgbò ló máa bu omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje. Kápẹ́ńtà ti ń wá bó ṣe máa yọ igi tó gbé dẹ́kì ró lẹ́yìn ọjọ́ 10, torí ó ti bá ẹlòmíràn dúnàá-dúrà lórí pákó yẹn. Ẹnjiníà ní ó di ẹ̀yìn ọjọ́ 21, òun náà ni mo sọ.

Fi owó àpò 25 yẹn ránṣẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Màmá rẹ wá wo ilé lánàá, wọ́n ní kí n kí ọ, àti pé yàrá tiwọn kò gbọdọ̀ sí lókè.

Tìrẹ,
Àkànní