Àkàndé, Níbo Lo Ń Sùn?

Àkàndé ọmọ mi,

Àǹtí rẹ ní Muṣin ni mo ní kó bá mi wá ọ rí, kó fi ìwé yìí lé ọ lọ́wọ́, nítorí fóònù rẹ kò lọ mọ́ láti ọjọ́ tí èsì WAEC ti jáde. Wọ́n ní o kì í sùn sílé àwọn mọ́. Ẹnì kan láti àdúgbò wa ní òun rí ọ ní Ìkòròdú láàárín àwọn ọmọ yahoo, pé ìwọ ló ń bá wọn ra oúnjẹ. Mi ò fẹ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n níbo lo ń sùn?

Màmá rẹ ń kí ọ. Orúnkún rẹ̀ ti ń fúyẹ́ díẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bí méjì.

O ò fi owó fọ́ọ̀mù GCE gba fọ́ọ̀mù. Mo ti mọ̀. Owó àjọ màmá rẹ ni, mi ò rí i he. Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n wọ mọ́tò wá bá ọ. Nígbà tó di òru, mo jókòó, mo bi ara mi pé ta ló ní kó tún lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kẹrin? Èmi náà ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti gba F9 nínú ìṣirò, èmi ṣì ń pariwo kírẹ́dìtì 5.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fi pamọ́ fún yín. Mo máa ń sọ pé iná ló jó ìwé-ẹ̀rí mi. Irọ́ ni. Mo ṣe WAEC ní 1983, mo fìdí rẹmi. Mo tún un ṣe ní 1984, kò yàtọ̀. Màmá rẹ nìkan ló mọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe mẹ́séńjà, mò ń gbé fáìlì tẹ̀lé àwọn tó yege, mo wá búra pé ọmọ mi ò ní gbé fáìlì ẹnikẹ́ni. Ìbúra yẹn ni mo gbé rù ọ́.

Ṣé o rántí rédíò mi? Ọmọ ọdún 11 ni ọ́. Mo wọlé, mo bá a ní títú. O to àwọn sukúrù sínú ìdérí agolo mílíìkì bí wọ́n ṣe jáde tẹ̀lé ara wọn. Mo nà ọ́. O ń sunkún, o ń dè é padà. Rédíò yẹn ni mo fi gbọ́ ìròyìn lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò sì kí ọ kú iṣẹ́. Nígbà tí ọ̀gá tó ń tún fíríìjì ṣe ní Òkè-Fìà wá bẹ̀ mí pé kí o máa wá sí ṣọ́ọ̀bù òun lẹ́yìn ilé-ìwé, mo lé e. Mo ní ọmọ tèmi kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Àná ni mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí o wá kọ́ fíríìjì àti AC, òun ò ní gba kọ́bọ̀. Ó ní àwọn tó ń gbé sólà sórí ilé pàápàá ń wá ẹni tó mọ wáyà so. Tí ọwọ́ rẹ bá mọ iṣẹ́ náà, Trade Test ìjọba wà, láti ipele 3 dé 1: wọ́n á bi ọ́ lẹ́nu, wọ́n á sì gbé iṣẹ́ síwájú rẹ kí o ṣe é. NABTEB, ìdánwò àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, náà wà, láti 1992. Mi ò ní tàn ọ́, ìṣirò wà nínú tìyẹn. Ìyẹn lè dúró.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yẹn lo wà, kó ẹrù rẹ kúrò níbẹ̀ lónìí! Ṣé o fẹ́ kí màmá rẹ rí fọ́tò rẹ tí EFCC gbé jáde, lórí fóònù ará àdúgbò? Mi ò bí ọ fún ìyẹn.

Mi ò ní bi ọ́ léèrè owó fọ́ọ̀mù. Tí o bá ti ná an, ó tán. Tí ojú bá ń tì ọ́, wọlé lóru, mi ò ní ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Tí o ò bá sì tíì lè wá, ṣáà sọ ibi tí o ń sùn fún àǹtí rẹ, kó pè mí.

Èmi ni,
Bàbá rẹ