Ọmọ ogún ọdún ń gun ọ̀kadà lọ ra búrẹ́dì

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín, torí inú ń bí mi, ó sì ti ń bí mi láti àárọ̀ Sátidé tó kọjá.

Mo ń gbálẹ̀ ojúde ilé mi ní Òkè-Baálẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá lọ́wọ́ mi lóṣù tó kọjá jáde, ó tẹ̀ ba díẹ̀, "Ẹ káàárọ̀, Mummy," ó sì nawọ́ sí ọ̀kadà. Mo bi í pé níbo ló ń lọ. Ó ní òun fẹ́ ra búrẹ́dì ni. Olóòtú, tí mo bá dúró ní géètì mi tí mo pe oníbúrẹ́dì yẹn, á dá mi lóhùn! Mi ò tíì gbálẹ̀ dé ẹnu gọ́tà tí ọmọ fi padà dé lórí ọ̀kadà kan náà, búrẹ́dì lábíyá, fóònù lọ́wọ́, kò gbójú sókè títí tó fi kọsẹ̀ lára ìgbálẹ̀ mi. Ọmọ ogún ọdún ló ń gun ọ̀kadà lọ ra búrẹ́dì, èmi ẹni ọdún 66 ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mò ń gbálẹ̀.

Kì í ṣe òun nìkan. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ọdún kẹsàn-án sì rèé tí mo ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n á jókòó sínú Márúwá lọ sí kíláàsì, wọ́n á jókòó ní kíláàsì, wọ́n á jókòó sínú Márúwá wálé, wọ́n á tún wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fóònù títí di òru. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin ilé mi gbé ike omi kan gun àtẹ̀gùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ẹkùn lé. Ó ní, "Mummy, ó dà bíi pé ọkàn mi ń ṣàìsàn." A gbé e dé ilé ìwòsàn, wọn ò rí nǹkan kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti gbàgbé iṣẹ́.

Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́ ṣe ohun tí ara á fi gbóná, kí àgbà náà fi ìṣẹ́jú 150 ṣe é lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Àwọn náà ló kéde lọ́dún 2019 pé ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀dọ́ ọdún 11 sí 17 láyé ni kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀, tàwọn ọmọbìnrin ló sì burú jù.

Kí ni àwọn aláṣẹ wa wá ń ṣe? Ìpàdé. Wọ́n á kó ọ̀dọ́ sínú gbọ̀ngàn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n á ní àwọn ń kọ́ wọn ní ìmọ̀ ẹ̀rọ, wọ́n á fún wọn ní míìtì páì àti mínírà, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Gbogbo ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ yìí, ìjókòó ni! Ìjókòó ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ìjókòó ni wọ́n fi ń lò ó. Ẹnikẹ́ni ò bèèrè ẹsẹ̀ ọmọ. Pápá tí a ti ń sáré ìdíje nílé ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́, ìsọ̀ ni wọ́n kọ́ kún un báyìí tí wọ́n ń gbowó rẹ̀. Ilé ìwé aládàáni wà nígboro yìí tí adìyẹ ò ríbi sáré nínú ọgbà rẹ̀.

A sì ti ṣe dáadáa rí ní Ọ̀ṣun o. Ẹ rántí Ọpọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé jáde lọ́dún 2013, tí ìwé àti ìbéèrè ìdánwò ọdún tó ti kọjá wà nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ rántí eré alájùmọ̀ṣe tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń ṣe láyé ìjọba yẹn kan náà, tí ọ̀pọ̀ ọmọ á máa nawọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n á máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí omi tó ń ru. Ọ̀kan fún orí, ìkejì fún ara. Kò sẹ́ni tó ronú láti so méjèèjì pọ̀, kí ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ lé ọmọ dìde.

Èmi so ó pọ̀ nílé mi. Ọmọ mi obìnrin ló fi hàn mí pé fóònù mi ń ka ìṣísẹ̀. Nǹkan kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń mọ̀ tí ara bá ń mì, òun ló fi ń kà á, kò sì jẹ dátà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ yìí mo kó àwọn ayálégbé mi sójú kan lórí WhatsApp. Ní aago mẹ́jọ alẹ́ Sunday, oníkálùkù á fi àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́, èmi á kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tó bá kẹ́yìn ló máa kó gọ́tà iwájú ilé. Ẹni tó bá síwájú, mo gba owó iná tirẹ̀ rù. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọbìnrin tó ń mí hẹlẹhẹlẹ yẹn rin 9,000 lọ́jọ́ méje. Èmi tí mo rìn lọ sọ́jà Ìgbọ̀nà tí mo rìn bọ̀ ti ní 6,000 lọ́jọ́ kan. Ojú tì wọ́n.

Wọ́n kọ́kọ́ bá mi jiyàn pé ó di dandan kó pé 10,000 lójúmọ́ kó tó wúlò. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ilé iṣẹ́ kan ní Japan ló gbé ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ jáde lọ́dún 1965, wọ́n pè é ní manpo-kei, ìyẹn ẹ̀rọ ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀. Ọgbọ́n ọjà ló bí iye yẹn. Kí oníkálùkù ṣáà ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọkùnrin kan fi 14,000 ránṣẹ́ fún ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ tí mo mọ̀ pé orí bẹ́ẹ̀dì ló wà! Mo dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo rí ewúrẹ́ mi tó ń jẹko lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun lọ́rùn. Mo tú u. Fóònù ló wà níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo jókòó sílẹ̀, àmọ́ òun ló kó gọ́tà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá rìn gbọ́dọ̀ fi fọ́tò ara rẹ̀ kún un láti ibi tó dé: Ọjà-Ọba, Freedom Park, iwájú rélùwéè. Ọmọbìnrin ọjọ́sí ti ń rìn dé Ọjà-Ọba báyìí, ó gbé àdìrẹ bọ̀ wá fún mi.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ìyẹn lọ. Kí yunifásítì àti ilé ìwé gíga wa ṣe é kíláàsì sí kíláàsì, kí wọ́n fi máàkì márùn-ún sí i nínú ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe, kí dátà jẹ́ ẹ̀bùn kíláàsì tó bá síwájú. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò lè kà á, kó kọ iye ìṣẹ́jú tó fi rìn. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, kí wọ́n wá eré ọwọ́ fún un. Kí wọ́n dá pápá padà. Kí wọ́n tan iná òpópónà, kí ọmọbìnrin lè rìn nírọ̀lẹ́ láìfòyà.

Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó yẹ kó gbọ́. Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fẹsẹ̀ rìn lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bá wọn lórí ìjókòó. Ọ̀gá kan tiẹ̀ ní, "Mama, ẹ lọ sinmi." Gbogbo ìmọ̀ ẹ̀rọ wọn, ìjókòó ni, mo tún un sọ!

Lẹ́tà mi ṣì wà lórí tábìlì yín, ẹ̀yin ọ̀gá. Tí ẹ bá ti kà á, inú ilé mi ni mo wà. Ẹ má gbé mọ́tò o, ẹ fẹsẹ̀ rìn wá.

Ìyá onílé kan,
Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.