Ẹ bèèrè orúkọ igi kí ẹ tó sanwó

Olóòtú mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn yín, torí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, mi ò sì fẹ́ kí owó ẹlòmíì tún wọgbó bíi ti àbúrò ìyàwó mi.

Àbúrò ìyàwó mi yìí, Àrójẹ ló ń gbé níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tíṣà ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Ó rí fídíò kan lórí WhatsApp pé búlúbẹ́rì, èso òyìnbó kékeré kan tó jọ oorí, lowó wà nídìí ẹ̀ báyìí, pé ẹni tó bá gbìn ín, dọ́là lá máa kà. Ló bá ra igi mẹ́fà, ₦15,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, inú náílọ̀n dúdú ni wọ́n kó o sí wá fún un. Mo bi í nígbà yẹn pé kí lorúkọ ẹ̀, ó ní búlúbẹ́rì ni. Mo ní mo gbọ́, búlúbẹ́rì wo? Ó pe ẹni tó tà á fún un lójú mi, onítọ̀hún náà ní búlúbẹ́rì ni, ti òyìnbó gan-an, kí wọ́n ṣáà ti máa bomi rin ín.

Márùn-ún ti kú. Mo lọ wo èyí tó ṣẹ́kù lọ́jọ́ Sátidé, ewé ẹ̀ ti di yẹ́lò, ṣùgbọ́n iṣan tó wà láàárín ewé ṣì tutù, àfi bí ẹni fi bírò aláwọ̀ ewé fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sórí bébà. Mo ti rí irú ẹ̀ rí níbi tí mo máa sọ láìpẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ ò kan tó ni, gbòǹgbò ẹ̀ ò rí èròjà irin fà nínú ilẹ̀, igi náà kàn dúró síbẹ̀ tí ebi ń pa á.

Ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n rèé. Ọmọ wa kan wà ní Michigan ní Amẹ́ríkà, òun ló ní kí èmi àti ìyá ẹ̀ wá lọ́dún 2022, a débẹ̀ nínú oṣù kẹfà, a ò kúrò àfi ìparí oṣù kẹsàn-án. Èmi sì rèé, àgbẹ̀ ni mí, kajú àti máńgòrò ni mo ní lọ́nà Ìrẹsà, mi ò lè jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n látàárọ̀ dalẹ́, lọmọ mi bá ń gbé mi lọ sóko kan ní apá South Haven, oko tó jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ ra èso fúnra ẹ̀ ló máa ká a. Wọ́n á fún ẹ ní bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré, wàá so ó mọ́ ìbàdí kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè, wàá bọ́ sáàárín igi. Èyí tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀ ga ju èèyàn lọ nígbà míì tí wọn ò bá gé e. Èso yẹn jọ oorí wa tó ti pọ́n, ó kàn kéré sí i ni, ó sì ní nǹkan funfun kan lára bí ẹni fi páúdà fẹ́ẹ́rẹ́ kùn ún, ìyá tó ni oko ò jẹ́ ká máa fọwọ́ nu páúdà yẹn kúrò torí òun ni kì í jẹ́ kí èso tètè rọ.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ìlà igi kọ̀ọ̀kan ló ní pákó lórí, orúkọ ló wà lára pákó yẹn. Duke. Bluecrop. Elliott. Èmi rò pé orúkọ àwọn tó ni ìlà náà ni, àṣé orúkọ igi ni.

Duke ló kọ́kọ́ máa ń pọ́n, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje la ti ń ká a. Wọ́n ní ó máa ń pẹ́ kó tó yọ òdòdó, ìyẹn ni yìnyín ìgbà ìrúwé kì í fi í rí i pa, síbẹ̀ òun ló máa ṣáájú àwọn yòókù gbó. Èso ẹ̀ le dáadáa, ó ṣeé kó jìnnà, adùn ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lẹ́nu tèmi. Bluecrop ló tẹ̀ lé e, láti 1952 ni wọ́n ti ń gbìn ín, òun ni wọ́n fi ń díwọ̀n àwọn yòókù. Dídùn àti kíkan ẹ̀ ṣe rẹ́gí, ó máa ń so gan-an, ó tiẹ̀ máa ń so àsojù débi pé ẹ̀ka á tẹ̀ kanlẹ̀ tẹ́ni tó ni ín ò bá gé díẹ̀ kúrò nígbà òtútù. Elliott ló gbẹ̀yìn, ó di ìparí oṣù kẹjọ kó tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí èso àwọn ẹlòmíì ti tán lọ́jà, ìyẹn ló ń jẹ́ kó pa owó. Ó kan díẹ̀ o. Ó sì ń tan èèyàn jẹ torí á ti dúdú tán bí ẹni tó ti pọ́n nígbà tí inú ẹ̀ ò tíì gbó, ẹni tí ò bá mọ orúkọ ẹ̀ tó ń ká a bó ṣe ń ká Duke, èso kíkan ló máa gbé dé ọjà.

Wọ́n tún ní Jersey, ti 1928, igi arúgbó, èso ẹ̀ kéré ṣùgbọ́n ó dùn, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gbọ̀n ọ́n. Àti Chandler tí èso ẹ̀ tóbi tó ìyeyè nígbà míì, àmọ́ kì í pọ́n papọ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wàá fi máa padà sídìí ẹ̀. Ẹni tó ń ta fún ilé iṣẹ́ ńlá ò ní fẹ́ ìyẹn. Ẹni tó ní ìdílé tó sì fẹ́ máa rí i já jẹ fún ìgbà pípẹ́, ìyẹn ló máa gbìn.

Kíká ẹ̀ gan-an ń fẹ́ sùúrù. Nínú ìdì kan náà, mẹ́ta á ti pọ́n, mẹ́rin á ṣì tutù, ọwọ́ èèyàn ò gbọdọ̀ fà á. Ìyá oníoko yẹn fi hàn mí, ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, ó fi àtàǹpàkò yí èso náà fẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó gbó já bọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀, èyí tí kò tíì gbó di igi mú. Ó ní kí n wo ibi tó ti so mọ́ igi, tí pupa bá ṣì wà níbẹ̀, kí n fi í sílẹ̀, torí tí wọ́n bá ti já a, kò ní dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Ọjọ́ tó bá dúdú, ó tún kù bí ọjọ́ mélòó kan kó tó dùn, ìyẹn ni wọ́n fi ń padà sídìí igi kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀sẹ̀ kan sí ọ̀sẹ̀ kejì.

Wọ́n ò bá orúkọ yìí láyé o. Inú igbó ni igi yìí wà tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1911 ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Elizabeth White, ọmọ àgbẹ̀ ní New Jersey, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú Frederick Coville tó jẹ́ onímọ̀ ewéko ìjọba, Coville yìí ló ti rí i pé ilẹ̀ kíkan ni igi náà ń fẹ́. White wá fún àwọn ará abúlé tó ń lọ ká a nínú igbó ní nǹkan ìwọ̀n tó ní ihò, fífẹ̀ ihò náà ò ju bíi mìlímítà 16 lọ, ó ní igi tí èso ẹ̀ bá tóbi tí kò lè gba ihò yìí kọjá, kí wọ́n sàmì sí i kí wọ́n wá pe òun, òun á sanwó. Igi tí ẹnì kan bá rí, orúkọ onítọ̀hún ni wọ́n ń fi pè é, Rubel tí wọ́n ń gbìn títí dòní, ara orúkọ ẹni tó rí i ni wọ́n ti yọ ọ́. Nígbà tó di 1916 wọ́n ti ń tà á lọ́jà. Ẹ̀ka ni wọ́n sì ń gé gbìn, bí àwa ṣe ń gé pákí, ìyẹn ni Bluecrop ti ọdún yìí fi jẹ́ Bluecrop ti 1952.

Ẹ ṣeun tí ẹ ń fara balẹ̀ kà á. Ṣé Ògbómọ̀ṣọ́ wá lè gbìn ín? Duke, Bluecrop àti Elliott tí mo dárúkọ yìí, wọ́n nílò bíi wákàtí 800 sí 1,000 òtútù tí kò tó ìwọ̀n 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí wọ́n tó lè jí kí wọ́n yọ òdòdó. Ọyẹ́ tiwa, bó ti wù kó mú tó, kó fọ́ ètè, kó la ẹsẹ̀, kò sí òru kan tó débẹ̀. Wọ́n tún ń fẹ́ ilẹ̀ kíkan, èyí tí pH ẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n kíkan ilẹ̀, jẹ́ 4.5 sí 5.5, kí lẹ́búlẹ́bú pákó wà nídìí ẹ̀, torí gbòǹgbò ẹ̀ ò jìn rárá, ọ̀dá ọ̀sẹ̀ méjì lè pa á. Àwọn ará Peru ń gbìn ín lóòótọ́, àwọn ló ń kó o lọ sókè òkun jù báyìí, ṣùgbọ́n oríṣi míì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Biloxi, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ nílò òtútù, inú iyanrìn ni wọ́n ń gbìn ín sí tí wọ́n ń fi ọ̀pá rọ́bà kán omi àti ajílẹ̀ sí i nídìí lójoojúmọ́. Ẹni tó bá lówó irú ìyẹn kó dán an wò. Ṣùgbọ́n orúkọ ló máa kọ́kọ́ bèèrè, torí tẹ́ni tó ń tajà bá lè sọ pé Biloxi ni, ọ̀rọ̀ wà, tó bá ní Bluecrop ni, kẹ́ni náà máa lọ sílé. Àbúrò ìyàwó mi ò rí ìkankan gbọ́ nínú méjèèjì, ₦90,000 sì ti lọ.

Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé àwa náà ń ṣe é sí nǹkan tiwa. Àwọn bàbá wa mọ iṣu lórúkọ, ẹfùrù, àmúlà, lásìnrìn, ẹ ò lè lọ bá àgbà àgbẹ̀ kan kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ ra èbù iṣu kó má bi yín pé irú iṣu wo. Ìgbà wo la wá dé ìdí kajú tó di kajú ṣáá? Kóró la kàn ń sọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ igi tó bá tinú kóró jáde kì í fi bẹ́ẹ̀ jọ ìyá ẹ̀, ẹ lè mú kóró lábẹ́ igi tí kóró ẹ̀ tóbi kẹ́ ẹ wá rí èyí tí ò tó nǹkan. Lóko mi, ìlà tó wà lápá odò ti ń jábọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, gbígbẹ ni mo ń ṣà á, ìlà ẹ̀yìn ahéré ń dúró di oṣù kẹrin, òjò á ti dé, kóró á sùn sínú omi, á dúdú, àwọn tó ń rà á á wá gé owó mi. Ogún ọdún nìyẹn, ajílẹ̀ ni mo ń dá lẹ́bi. Duke àti Elliott ló wà lóko mi, mi ò kàn fún wọn lórúkọ ni.

Ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ n'Íbàdàn, iṣẹ́ wọn ni kajú náà. Èso bíi máńgòrò, NIHORT, ilé iṣẹ́ ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́, tó wà ní Ìdí-Iṣin n'Íbàdàn náà ló ń rí sí i. Kí ẹni tó fẹ́ gbìn gba ibẹ̀ lọ bèèrè kó tó dá owó sọ́wọ́ ẹni tó pàdé lórí fóònù. Àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta igi inú náílọ̀n lẹ́bàá títì láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ orúkọ sára náílọ̀n, tó bá sì jẹ́ kóró lẹ gbìn, ẹ sọ pé kóró ni.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀ tèmi. Mo ti fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sára igi kajú mẹ́rìndínláàádọ́ta, mo ra ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́ sí, àti iye kóró tó máa kún agolo mílíìkì. Tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yìí bá ní igi kajú tí kóró ẹ̀ tóbi tó sì ń jábọ́ tán kí oṣù kẹta tó parí, yálà ní Ìkòyí ni o, tàbí Ọ̀yọ́, kó jọ̀ọ́ kọ̀wé sí yín kẹ́ ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde. Màá wá gé ẹ̀ka níbẹ̀ láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi tèmi, èmi ni màá mú ọ̀bẹ àti náílọ̀n wá, orúkọ ẹni tó fún mi sì ni màá fi pe igi náà.

Èmi ni tiyín,
Àgbẹ̀ kajú kan, ọ̀nà Ìrẹsà, Ògbómọ̀ṣọ́.