“By” tí mo tẹ̀ sínú rìsíìtì ilẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa. Mo ka lẹ́tà tí òbí kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, níbi tó ti ní Yorùbá tí àwọn ọmọ ń sọ nílé ni kì í jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì wọn já gaara, pé kí olùkọ́ máa gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ “fanákúlà” ní kíláàsì. Mo kà á tán, mo tún un kà, mo wá gbé e síbi tí ọmọ iṣẹ́ mi ti lè rí i, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan àwa méjèèjì.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe ní Alágbàká, níbí ní Àkúrẹ́. Láti 1998 ni mo ti wà nídìí ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Olympia tó ń ró bí òjò orí páànù la fi ń tẹ̀wé. Lẹ́tà ìwáṣẹ́, ìwé ìbúra, ìwé àdéhùn ilé, ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ọ̀gá iṣẹ́, kò sí èyí tí n kì í tẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníbàárà mi kì í kọ ọ́ wá. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa fi Yorùbá sọ ọ́, èmi á máa fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńláńlá kọ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ ńlá, èèyàn á ṣí díkíṣọ́nárì wò ó. Àwọn kéékèèké bíi “in”, “on”, “at”, “by”, “from” ni kí ẹ bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ atọ́kùn ni àwọn olùkọ́ Yorùbá ń pe irú wọn, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi, torí ẹni tó bá ti rí eégún tí atọ́kùn rẹ̀ sọnù láàárín ọjà mọ̀ pé bó ti wù kí agọ̀ lẹ́wà tó, ìsọ̀ ẹlẹ́mu ló máa já sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, ìyá kan fẹ́ ta pulọ́ọ̀tì kan ní Ọ̀bá-Ilé. Òun àti ẹni tó fẹ́ rà á ni wọ́n jọ wá. Ìyá ní kí n kọ ọ́ pé, “Owó yìí, mo gbà á lọ́wọ́ Alàgbà,” ó wá dárúkọ ọkùnrin náà. Mo tẹ̀ ẹ́ wéré: “received by”, mo fi orúkọ olùrà tẹ̀ lé e. Lójú tèmi, “lọ́wọ́” rèé, ọwọ́ ọkùnrin yìí ni owó ti wá, “by” ló bá a mu. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n san owó mi, wọ́n lọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n padà dé, àwọn àti lọ́yà kan tí kò rẹ́rìn-ín rárá. Ohun tí ìwé mi ń sọ ni pé olùrà ló gba owó! Ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ olùrà, owó tún bọ́ sọ́wọ́ olùrà, ìyá wá dà bí ẹni tó fi ilẹ̀ ta ènìyàn lọ́rẹ tó tún fi owó lé e. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọmọlúàbí ni àwọn méjèèjì. Mo tún ìwé tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, mo fún wọn ní owó ọkọ̀, etí mi sì ń gbóná bí ẹni tí wọ́n gbá létí. “From” ló yẹ kí n tẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ “lọ́wọ́” bí ẹni ń ṣọ́ ejò. Owó wà lọ́wọ́ mi: “with” ni Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ níbẹ̀. Mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀: “from”. Ó kú sí mi lọ́wọ́: “in”. Ilé náà wà lọ́wọ́ ọ̀tún: “on”. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni Yorùbá fi ṣe gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyẹn, kò sì sí ọmọ Yorùbá tó ń ṣì í lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni a fi orí, inú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́, ojú àti ìdí ṣe lórí, nínú, lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́, lójú, nídìí. Ara ènìyàn la fi ń wọn ayé, “ní” kan náà ló sì ń ṣíwájú gbogbo wọn. (Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ o. Ẹ wo “ahead”, ṣé ẹ ò rí orí nínú ẹ̀? Ẹ wo “beside”, ẹ̀gbẹ́ ló wà níbẹ̀.) Ṣùgbọ́n níbi tí “ní” kan ti tó àwa, mẹ́ta ni wọ́n ní kí a yàn nínú rẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ mi yìí ti ṣe JAMB lẹ́ẹ̀kan. Nínú ìbéèrè 180 tí wọ́n ń bi wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ní 60, ibẹ̀ ló sì ti ṣubú. Níbi tó ti ń gba lẹ́sìnnì, lísìtì gbọọrọ ni wọ́n fún un pé kó há a sórí: èyí gba “in”, èyí gba “on”. Ó há a. Tó bá sùn tó jí, ó ti pò pọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iná lọ, tí kò sí nǹkan tí a lè tẹ̀, mo bi í pé níbo ni ìyá rẹ̀ wà báyìí. Pupurú ni ìyá rẹ̀ ń tà. Ó ní, “Ní Ọjà Ọba.” Ọjà Ọba ńkọ́, níbo ló wà? “Ní títì Ọba Adésídà.” Títì náà ńkọ́? “Ní Àkúrẹ́.” Mo ní, “O ti fi ‘ní’ mẹ́ta dá mi lóhùn. Ibi tí o lè na ìka sí bí ẹni tọ́ka sí ìsọ̀, ‘at’ ni. Ohun tó nà gbọọrọ tí èèyàn ń tọ̀, ‘on’ ni. Ohun tó gbà ọ́ sínú bí agbo ilé, ‘in’ ni.” A wá gbé e bọ́ sórí àkókò: ní agogo mẹ́rin, bí ẹni fi ìka tọ́ka, “at”, ní ọjọ́ Ajé, “on”, ní oṣù Kẹta, oṣù gba ọjọ́ púpọ̀ sínú, “in”. Inú rẹ̀ dùn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lójijì ló gbójú sókè. “Ọ̀gá mi, àárọ̀ jẹ́ ‘in the morning’. Kí ló dé tí òru fi jẹ́ ‘at night’?” Mo ní kó lọ ra epo jẹnẹrétọ̀ wá.

Ti ọkọ̀ ló dùn jù. Nínú Yorùbá, ohun tí a bá là ẹsẹ̀ méjèèjì lé, a ń gùn ún ni: a gun ẹṣin, a gun kẹ̀kẹ́, a gun ọ̀kadà. Gbogbo wọn ló gba “on”, kò yẹ̀. Àwọn tí a ń wọ̀ ló pín sí méjì. Mo wọ taksí, “in” ni. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo wọ rélùwéè, mo wọ ọkọ̀ òfurufú, “on” ni. Èyí tí èèyàn lè nàró kó sì rìn nínú rẹ̀ ni wọ́n sábà ń fún ní “on”. Lóòótọ́, bọ́ọ̀sì akérò kéékèèké tiwa yìí, ta ló lè nàró nínú wọn? Ó ṣì jẹ́ “on the bus” náà ni, bí orúnkún ẹ bá tilẹ̀ kan àgbọ̀n ẹ.

Irú èyí pọ̀. Ẹni tó ń kọ “reply me”, “dá mi lóhùn” ló ń rò lọ́kàn. Yorùbá ò fi nǹkan kan sáàárín, Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ “to” níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ “discuss about”, “sọ̀rọ̀ nípa” ló ń tì í. Gẹ̀ẹ́sì ò fẹ́ nǹkan kan níbẹ̀ rárá. Oníbàárà mi kan tí wọ́n jẹ lówó ní kí n kọ ọ́ pé kó tó di ìparí oṣù ni kí onígbèsè san án. “Until” ni mo tẹ̀ dípò “by”. Onígbèsè ní òun á máa san án díẹ̀díẹ̀ títí oṣù á fi parí, lẹ́yìn ìyẹn òun á jáwọ́.

Kí ẹ tó bú mi, àwọn tó ni èdè pàápàá kò fẹnu kò. “At the weekend” ni ará Ìlú Ọba ń sọ, ará Amẹ́ríkà ní “on the weekend”. “Of” àti “off” tí àwọn ọmọ ń fi ara wọn pè, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n láyé àtijọ́ kí wọ́n tó pínyà. Èdè tó ń yí bẹ́ẹ̀, pàṣán ò lè tì í wọ agbárí ọmọ.

Èyí ló mú mi padà sórí lẹ́tà òbí yẹn. Wọ́n gba ìtanràn lọ́wọ́ èmi náà rí, kọ́bọ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá, nígbà tí kọ́bọ̀ mẹ́wàá ṣì ń ra nǹkan. Owó mi lọ, “by” àti “from” ò tìtorí ẹ̀ wọlé. Ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún odidi ọdún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́tọ̀ bí iṣẹ́ kan, lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tilẹ̀ tó ìyẹn: kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní àṣẹ láti bi ọmọ pé, “Báwo lo ṣe ń sọ ọ́ nílé?” kó wá fi í hàn án níbi tí ọ̀nà ti pín. Ẹ̀yin náà, ẹ wò ó bóyá ẹ lè fún irú rẹ̀ ní igun kékeré kan nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọmọ yìí á tún JAMB ṣe. Lóòótọ́, ó ti ń dá èmi gan-an lẹ́kun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo pátákó mi tó ti wà lókè látìgbà tí mo ti ra kọ̀ǹpútà: “Specialist on All Kinds of Typing”. Ó ní, “Ọ̀gá mi, ‘in’ ni o.” Mo wò ó, òótọ́ ni. Mo pe ẹni tó kọ ọ́. Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà lòun máa gbà láti sọ “o” kan di “i”. A ṣì ń ná an.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atẹ̀wé kan ní Alágbàká, Àkúrẹ́.