Láti Adó dé ibùdó Kírìjì

Adó-Èkìtì

Agùntáṣọọ́lò mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Lẹ́tà tí o kọ nípa ọkọ̀ ńlá tó ní ibùsùn, ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, èyí tí o fi kó ìdílé rẹ kiri Amẹ́ríkà, ìyàwó mi ló kọ́kọ́ kà á. Ó kà á tán, ó ká a, ó wá wò mí láti òkè délẹ̀. Mo ti mọ̀ pé owó ń bọ̀ wá jáde lápò mi.

Ibo ni mo ti fẹ́ rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Adó? Bọ́ọ̀sì tí àbúrò mi fi ń kó èrò lọ sí Àkúrẹ́ ni mo yá. A yọ àwọn ìjókòó ẹ̀yìn, a tẹ́ tìmùtìmù, a gbé gáàsì kékeré, kúlà omi àti ìkòkò sínú rẹ̀. Kí àbúrò mi tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó ní bí òun bá gbóòórùn epo pupa nínú ọkọ̀ òun, èmi ni màá fọ̀ ọ́. Ìyàwó mi ní kí ó fọkàn balẹ̀, irú nìkan ni yóò gbóòórùn.

Ìkógòsì ni àwọn ọmọ fẹ́ lọ, nítorí omi gbígbóná àti omi tútù tó ń pàdé níbẹ̀. Mo ní ìyẹn di ìgbà tí a bá ń padà bọ̀, Òkèmẹ̀sí ló kàn. A gba Ìyìn, Ìgèdè àti Àràmọ̀kọ, a dé Ìtáwúrẹ́, a yà. O rántí bí òkè ṣe yí ìlú yẹn ká? Bí ọkọ̀ ṣe ń gùnkè ni ìkòkò ń yí gbirigbiri lẹ́yìn, tí àbíkẹ́yìn mi ń fi ẹsẹ̀ dá a dúró.

Kóńdọ́, ọ̀rẹ́ wa ilé-ìwé, ti ń retí wa níwájú ilé. Irun ti tán lórí rẹ̀, àmọ́ ohùn tó fi ń jí wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì náà ló fi kí wa, gbogbo ajá àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí gbó. A ò tíì mu omi tán tó ti wọ bàtà rọ́bà, ó ní ká máa lọ síbi ogun kí oòrùn tó mú.

Ibi ogun Kírìjì gan-an, ogun tí Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà, kò sí ní Òkèmẹ̀sí. Àárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ ló wà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tòní. Ṣùgbọ́n Òkèmẹ̀sí ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Níbẹ̀ ni Fábùnmi ti pa ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú, ní 1878, nígbà tí ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ ti sú ará ìlú: wọn a kó ẹran ẹlẹ́ran, wọn a kó irè oko, wọn a fọwọ́ kan ìyàwó oníyàwó. Lẹ́yìn náà ni Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn para pọ̀. Ògèdèǹgbé ará Iléṣà wá di olórí ogun Èkìtì Parapọ̀. Ààrẹ Látòsà, olórí Ìbàdàn, ló kó ogun wọn wá.

A gbé ọkọ̀ sílẹ̀, a fẹsẹ̀ rìn. Bí o bá ń retí odi gàgàrà tàbí àgbá ogun kalẹ̀, wàá retí ẹ̀ tì. Igbó ni, oko ni, òkè níhìn-ín, òkè lọ́hùn-ún, àfonífojì láàárín. Kóńdọ́ na ọ̀pá sí òkè kan, ó ní ibẹ̀ ni Ìbàdàn wà. Ó yí padà, ó ní ìhín ni tiwa. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe súnmọ́ ara wọn tó. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lè máa bú ara wọn láti orí òkè! Wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé ibùdó di ìlú. Ilé ni wọ́n kọ́, wọ́n dáko, wọ́n nájà, wọ́n bímọ. Mo jókòó lórí òkúta kan, mo ń ro ti ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ́dún tí wọ́n dó, tó di géńdé tí kò mọ ilé mìíràn.

Ìyẹn ò ní kí n má fi ìyàwó mi ṣe yẹ̀yẹ́. O mọ̀ pé ọmọ Ìbàdàn ni, ní Bẹẹrẹ. Mo ní, "Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, ibi tí ojú yín ti já rèé o! Ẹ gbé ṣakabùlà wá, àwọn ọmọ wa ti fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ láti Èkó." Òótọ́ ni, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó ló ra ìbọn tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn fún àwọn ará ilé. Ó fi gèlè nu ojú, ó ní, "Ta ló lé wa? Ààrẹ kú sójú ogun ní 1885, ogun ò tú. Ẹ̀yin náà ò sì dé Ìbàdàn. Òyìnbó ló ní kí gbogbo wa máa relé."

Kóńdọ́ rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886, lẹ́yìn tí àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips ti rìn títí láàárín ibùdó méjèèjì. Àdéhùn yẹn ní Èkìtì ti bọ́ lọ́wọ́ Ìbàdàn. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ogun kò kúrò ní ibùdó, àfìgbà tí Carter, Gómìnà Èkó, wá tú wọn ká ní 1893. Èmi ò bá wọn wí púpọ̀. Ẹni tí ogun ti di iṣẹ́ fún, kí ló fẹ́ lọ ṣe nílé?

Ọmọ mi ọkùnrin wá bi Kóńdọ́ pé òkè wo ni tòun nínú méjèèjì. Kóńdọ́ wo ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ìwọ? Ìwọ ni àdéhùn 1886." Àdéhùn ni gbogbo ilé ń pè é báyìí.

Kí n sọ ti ìyán. Ìyàwó Kóńdọ́ àti ọmọbìnrin rẹ̀ ló gún un, ọmọ odó méjì nínú odó kan, ọ̀kan ń lọ sókè, èkejì ń bọ̀ nílẹ̀, tí màmá sì ń ráyè ti ọwọ́ bọ omi yí i láàárín méjèèjì. O ò ní rí kókó kan ṣoṣo. Ẹ̀fọ́ rírò àti òyà ló bá a rìn. Ìyàwó mi tó ní àmàlà nìkan ni oúnjẹ bu ẹ̀ẹ̀kejì, ni Kóńdọ́ bá kígbe pé, "Ogun tí a ṣẹ́ nìyí!"

A sọ̀rọ̀ di òru. Alága kíláàsì wa ti kú, ọdún tó kọjá ni. Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Ìyàwó mi kọ yàrá tí wọ́n fún wa, ó ní inú ọkọ̀ lòun máa sùn bíi tẹ̀yin ará Amẹ́ríkà. Ẹ̀fọn ò jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá a níbẹ̀. Ní Ìkógòsì lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ kò fẹ́ jáde nínú omi.

Kóńdọ́ ní kí n bi ọ́ léèrè kóòtù aláwọ̀ eérú tí o yá lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ tí o ń lọ gba físà. Kò fẹ́ ògbólógbòó yẹn mọ́ o, tuntun ló fẹ́. Tí ẹ bá ń bọ̀ ní Kérésì, tètè sọ fún mi, kí àbúrò mi má baà fi bọ́ọ̀sì kó èrò ọdún. Ojú fèrèsé lo máa na ẹsẹ̀ gígùn yẹn sí. Kí lo ní kí n sọ fún Kóńdọ́ nípa kóòtù?

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Bàbá Àdéhùn